Yàrá Tí A Kì í Ti í Kí Àgbà

Ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi wò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níléèwé, tí ẹ ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìkòròdú níbí pé kí n gbà yín nímọ̀ràn nípa iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fìdí kalẹ̀. Mi ò ní sọ pé ẹ wá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò sì ní sọ pé ẹ má ṣe é. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí yóò máa fi jókòó nínú afẹ́fẹ́ tútù, tí wọn yóò máa pè é ní ọ̀gá láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó tètè dìde kó máa lọ, torí ìtàn mi kò ní ṣe é láǹfààní.

Rísíkàtù ni orúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ẹja ni Màmá mi ń yan tà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí ìdúró níwájú ààrò, tí èéfín ń bò ó lójú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni kò dára. Àwọn iṣan ibẹ̀ wú, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn láti itan wá sílẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ náà dúdú, ó sì le. Egbò kan wá wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Bí ó bá fẹ́ pa ẹnu dé, á tún ṣí.

Egbò yẹn kò pa á, ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Tí ó bá fẹ́ ká ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ara rẹ̀, ńṣe ni yóò ké. Orí àga ló ti ń kírun. Tí àgbà bá ń kọjá, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, á fi ọwọ́ kan orúnkún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní ìgbéraga ni. Mo fi etí ara mi gbọ́ obìnrin kan létí omi, tó ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ìyá ẹlẹ́ja yẹn kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o. Àbí olorì ló pe ara rẹ̀ ni?" Màmá mi náà gbọ́. Ó kàn ń yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n Màmá mi ọkùnrin, Bàbá Lásísì, ló rán mi níléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá Lásísì le, ó sì fẹ́ràn ọ̀wọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ọmọdé tó bá kí i lórí ìdúró, á pè é padà wá kí i tọ̀tún tòsì. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ́wọ́ dé ẹnu géètì iléèwé náà. Ó ní, "Rísíkà, lọ kọ́ ohun tí ìyá rẹ yóò fi kúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀ lórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọlé, mi ò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo jáde níléèwé, mo ṣe é díẹ̀ níhìn-ín, mo ṣe é díẹ̀ lọ́hùn-ún, mo wá bá ara mi lọ́dọ̀ Dókítà Láoyè, ọmọ Ọ̀ṣun kan tó ń gbé Ìkòròdú, tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ Agric. Iṣan ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá wáṣẹ́, ó bu omi kún ife dé ẹnu, ó ní kí n gbé e dání, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa ìdílé mi. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá mi, omijé bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n omi inú ife kò dà. Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ n la iṣẹ́ náà yé yín. Iṣan méjì ló ń bẹ lẹ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀, iṣan àbọ̀ ń gbé e padà sókè. Inú iṣan àbọ̀ ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà ṣubú. Tí ilẹ̀kùn wọ̀nyí bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sí ìsàlẹ̀, iṣan á wú, awọ á bàjẹ́, egbò á yọ. Oògùn kan wà tí à ń fi abẹ́rẹ́ fún sínú iṣan àbọ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn. Iṣan náà á lẹ̀ pọ̀, á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì gba inú iṣan mìíràn tó dára lọ. Ṣùgbọ́n tí oògùn kan náà bá wọ inú iṣan àlọ, ẹran ara tí iṣan náà ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ di ìyẹn mú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ìka la fi ń wá iṣan. Ọ̀gá á di ojú rẹ̀, á máa fi ìka mẹ́ta tẹ ẹsẹ̀ aláìsàn lọ sókè jẹ́jẹ́. Ó ní kí èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Tí o bá ṣe àṣìṣe, á rọra gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, á ní, "Ó dàárọ̀ o, Sístà." Ọ̀sán gangan ni o. Wàá sì máa lọ sílé, oòrùn á máa pa ọ́ lórí, gbogbo àwọn tó ń tajà ní Agric á máa bi ọ́ pé ṣé ara rẹ kò yá ni. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n kí mi ní ó dàárọ̀ lọ́sàn-án.

Mo mú Màmá mi wá bá a. Ó fi ìka wá iṣan náà títí, ó mi orí. Ó ní ibi tí ilẹ̀kùn náà ti bàjẹ́ jìn sínú itan, ìka òun kò lè dé ibẹ̀, òun kò sì ní fi abẹ́rẹ́ wá ohun tí òun kò rí. Màmá mi dúpẹ́, ó padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ yan ẹja rẹ̀. Mo bá Ọ̀gá bínú ní ìkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ojo ló ń ṣe é.

Ìgbà tó yá ni ẹ̀rọ dé, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Tòkunbọ̀ ni. Ó ga tó mi léjìká, ó ń hó bí ìkòkò. Ó ní ohun ìgbáwọ́ kan tí à ń pè ní próòbù. Tí a bá fi jẹ́ẹ̀lì sí i, tí a gbé e lé ẹsẹ̀, inú ẹsẹ̀ á hàn lójú ẹ̀rọ ní dúdú àti funfun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí iṣan lójú rẹ̀, mo pe orúkọ Ọlọ́hun. Màmá mi ni mo rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀gá kò gbà kí a fi ẹsẹ̀ ènìyàn kọ́ṣẹ́. Ó ní kí n máa lọ ra ẹran màlúù ní ọjà Sábọ̀, a ó wá ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sára bọ àárín rẹ̀. Èmi á gbé próòbù lé ẹran, òun á gún un, a ó sì jọ máa wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ má bi mí ibi tí ẹran náà ń gbà lọ tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ọ̀gá gan-an kò béèrè.

Tí a bá wá gbé e lé ara ènìyàn, á ní, "Tẹ̀ ẹ́, Sístà." Màá tẹ próòbù mọ́lẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá pa ẹnu dé nínú àwọn iṣan náà, àbọ̀ nìyẹn. Èyí tó bá dúró, tó ń lù kì kì kì, àlọ nìyẹn. "Èwo ni ọ̀tá wa?" Màá fi ìka hàn án. "Má gbàgbé ojú rẹ̀." Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn: èmi ni mo di próòbù mú, òun ló di abẹ́rẹ́ mú, àwa méjèèjì kì í sì í wo ẹsẹ̀ rárá. Inú ẹ̀rọ la ń wò. Tí ọwọ́ mi bá yẹ̀ ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì, Ọ̀gá ti fọ́jú.

Nítorí náà ló ṣe ń dán ọwọ́ mi wò. Á ju abọ́ irin sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Á gbá ilẹ̀kùn. Á ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ lójijì kí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kan, ó kígbe "Iná! Iná!" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé tó wà níwájú sì sáré jáde pẹ̀lú bàtà kan. Ọwọ́ mi kò yẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mú ìyá rẹ wá lóṣù tó ń bọ̀." Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn.

Oṣù tó ń bọ̀ náà kò tíì dé tí Àṣàbí fi dé.

Ará Ìjẹ̀dé ni Àṣàbí. Ọ̀dọ́ ni, ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà. Ẹ̀yìn orúnkún ni iṣan tirẹ̀ ti wú. Ibẹ̀ léwu, torí iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ara wọn níbẹ̀. A ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé próòbù lé e, gbogbo rẹ̀ yọ kedere. Ọ̀gá gún abẹ́rẹ́ wọlé, a rí ẹnu rẹ̀ nínú iṣan àbọ̀, ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti oògùn náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wá. A ti ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ìyá náà kò balẹ̀. Ìfẹ́ ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ó ṣí ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Àṣàbí, ṣé kò dùn ọ́ jù?"

Kí n tó mí, Àṣàbí ti dáhùn. "Ẹ káàbọ̀, mà." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń kó orúnkún jọ sábẹ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò rò ó rárá. Ta ló ń rò ó nínú wa? Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Tí àgbà bá wọlé, orúnkún á ti dáhùn kí ẹnu tó dáhùn. Ọwọ́ mi wà lójú kan. Ẹsẹ̀ Àṣàbí ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ẹ̀rọ dàrú, àtàǹpàkò Ọ̀gá sì ti tẹ abẹ́rẹ́ náà.

Mo ti gbọ́ igbe obìnrin tó ń rọbí. Igbe Àṣàbí kò jọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun lójú wa bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka, ó sì tutù. Ọ̀gá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú iṣan àlọ ni oògùn náà wọ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe níbẹ̀, ó ní ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, ọ̀nà orí omi ló sì yá jù. A gbé e dé Èbúté Ìkòròdú, a gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo di ojú mi bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Mo wá a títí a fi dé òdìkejì. Mi ò rí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di orí rẹ̀ mú, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ lọ sọ bọ̀: "Kí ni mo kí wọn sí? Kí ni mo kí wọn sí?"

Wọ́n gba ẹsẹ̀ náà là. Wọn kò lè gba ọmọ ìka rẹ̀ là. Márààrún ló lọ.

Nígbà tí a padà dé, Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ. Ó ní, "Sístà, ariwo ni mo fi dán ọwọ́ rẹ wò. Abọ́, ilẹ̀kùn, iná. Mi ò rántí ẹ káàbọ̀." Ó wá sunkún. Mi ò rí ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Ìjẹ̀dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọkọ Àṣàbí kò wò ó. Ìyá ọkọ náà ló ní kó dìde.

Láti ọjọ́ yẹn ni òfin ti dé. Ọ̀gá kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ilẹ̀kùn pé a kì í kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí. Kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń mú ìrànlọ́wọ́ bọ̀ gbọ́dọ̀ lè sáré wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń kí ara wa. Bí aláìsàn bá jẹ́ àgbà, Ọ̀gá á dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, á bi í léèrè ilé, ọ̀nà àti ọmọ, á wá ní, "Ìkíni tó kù, ó di ìgbà tí a bá jáde." Tí a bá ti wọlé, kódà kí ọba wọlé, a ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Wọ́n bínú. Bàbá kan láti Ìgbógbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ òun lé ọwọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn ọlọ́kadà Agric sọ Ọ̀gá ní Dókítà Má-kí-mi. Tí o bá dárúkọ rẹ̀ gan-an fún wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá kò bá wọn jà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ Àṣàbí gbà mọ́ wa lọ́wọ́ jù ni Màmá mi. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àṣàbí, ó yarí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún fún un. Ó ní, "Rísíkà, egbò mi, mo mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ mí. Ẹ fi wá sílẹ̀." Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹsẹ̀ ìyá mi ń jẹrà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ iṣẹ́ ìwòsàn, ẹ múra sílẹ̀ de irú ìyẹn náà, torí kò sí níléèwé.

Nǹkan ń yí padà nínú yàrá wa. Ẹ̀rọ tó ga tó mi léjìká lọ, èyí tí a lè gbé lé tábìlì dé, lẹ́yìn náà ni èyí tí kò ju fóònù lọ. Oògùn náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, olómi ni. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í so sìríǹjì méjì pọ̀, a ó máa ti oògùn àti afẹ́fẹ́ láti inú ọ̀kan sí èkejì títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ìfófòó yẹn máa ń funfun báláú lójú ẹ̀rọ, o ó sì máa rí i bó ṣe ń gun iṣan lọ. Ìka kò wúlò mọ́, àwọn ọmọ tuntun sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi ṣì máa ń di ojú mi fi ìka wá a kí n tó tan ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí Àṣàbí. Bàtà pàtàkì ló wọ̀ sí ẹsẹ̀ tí kò ní ọmọ ìka, ó ń tiro díẹ̀. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó ní, "Ẹ káàsán, Sístà. Ẹsẹ̀ kejì náà ti ń wú." Ọ̀gá jáde wá, ó ń wo bàtà náà. Àṣàbí wò ó, ó ní, "Dókítà, ibo lẹ fẹ́ kí n gbé e lọ? Ibòmíràn, wọn ò mọ ohun tí ìkíni lè ṣe." A ṣe ẹsẹ̀ náà fún un. Inú yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti darúgbó, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ títí a fi jáde.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn san, mo bẹ Àṣàbí pé kó bá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò jiyàn. Ó jókòó síwájú Màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó bọ́ bàtà méjèèjì. Ó na ẹsẹ̀ tí kò ní ọmọ ìka. "Ìyá, èyí ni mo fi kí ìyá ọkọ mi." Ó na èkejì, tó dán, tí iṣan kankan kò yọ níbẹ̀. "Èyí ni mi ò fi kí ẹnikẹ́ni." Màmá mi wo ẹsẹ̀ méjèèjì títí. Ẹja jóná lórí ààrò, kò mọ̀. Ó wá ní, "Rísíkà, ìwọ ni wàá di ẹ̀rọ náà mú. Tí kì í bá ṣe ìwọ, mi ò lọ."

Lọ́jọ́ tó wá, Ọ̀gá ti ń hu ewú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi ní, "Mi ò lè kúnlẹ̀ dá yín lóhùn o, dókítà." Ọ̀gá ní, "Ẹ máa kúnlẹ̀, Ìyá. Àmọ́ kì í ṣe lónìí." A wọlé, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé próòbù lé itan rẹ̀. Mo rí iṣan náà. Iṣan tó ń pa ìyá mi lẹ́kún láti kékeré mi, mo rí i níwájú mi, ó dúdú, ó fẹ̀, ó ń lọ gbọọrọ. Ọ̀gá gún abẹ́rẹ́ wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi.

"Àsàlámù àlékùm."

Bàbá Lásísì ni. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àbúrò òun lónìí, ó wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá ṣàdúà fún un. Ìwé Lárúbáwá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, ohun tí a kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn kò sọ nǹkan kan fún un, kì í sì í ṣe ẹni tí í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ akọ̀wé. Sálámà ló kí wa, èyí tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀ pé dandan ni ká dáhùn. Mo rí i lára itan Màmá mi tó fẹ́ gbéra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọlé. Ẹsẹ̀ tí kò lè kúnlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo jágbe mọ́ ìyá mi. "Má mira!" Mi ò sọ pé "ẹ", mi ò sọ pé "mà". Mo fi ọwọ́ kejì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

"Rísíkà," ni Bàbá Lásísì wí, "mo ní àsàlámù àlékùm."

Ẹni tó mú mi lọ́wọ́ dé ẹnu géètì ló ń kí mi. Mi ò yí ojú padà. Mi ò la ẹnu. Mo ń wo ìfófòó funfun yẹn bó ṣe ń gun iṣan ìyá mi lọ, omijé ń dà lójú mi, ọwọ́ mi kò yẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn padé. Nígbà tí a fa abẹ́rẹ́ yọ, tí a sì ti di bándéèjì tán, mo sáré jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ títí dé ojú títì. Wọ́n ní bàbá náà ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìtòikin, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ, mo ṣàlàyé Àṣàbí. Ó ń fa tẹ̀súbà rẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "O jágbe mọ́ ìyá rẹ létí mi. O gbọ́ sálámà, o dákẹ́. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?" Ó padà sórí tẹ̀súbà. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò dáhùn ìkíni mi. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo bi ara mi bóyá iṣẹ́ tí yóò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn yẹ ní ṣíṣe.

Màmá mi ń di bándéèjì rẹ̀, ó ń rìn láàárọ̀ bí a ṣe ní kó máa rìn. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa pọ̀ láti etí. Ó lọ́ra, ó lọ́ra gan-an, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́yìn mọ́. Ẹsẹ̀ rọ̀. Títí ó fi jáde láyé, kò kírun lórí àga mọ́. Iwájú orí rẹ̀ ló ń fi kanlẹ̀. Ọ̀gá náà ti ṣaláìsí báyìí. Àwọn ọmọ tó wà ní yàrá yẹn kò bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pa òfin rẹ̀ mọ́. Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí, mo ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó wò mí. Mo rọra pa á dé. Inú mi dùn dé ilé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Iléyá ọdún tí egbò náà jinná ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Gbogbo ẹbí pé sí àgbàlá Bàbá Lásísì lẹ́yìn ìrun. Èmi dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri, torí mi ò fẹ́ kó tún kọ ìkíni mi lójú gbogbo ènìyàn. Màmá mi gba àárín àwọn ènìyàn kọjá. Ó dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán, orúnkún méjèèjì, ó ká ẹsẹ̀ òsì yẹn sábẹ́ ara rẹ̀.

Bàbá Lásísì dìde lórí àga. "Ẹsẹ̀ rẹ! Dìde, dìde, ẹsẹ̀ rẹ!"

"Ẹ jẹ́ n kúnlẹ̀, Bọ̀dá," ni Màmá mi wí. "Èyí kì í ṣe tèmi. Ìkíni tí Rísíkà kò kí yín lọ́jọ́sí ni."

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ibi tí egbò náà wà tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ibẹ̀. Ó wò mí lẹ́bàá ògiri.

"Wà àlékùm sàlámù, Rísíkà," ló wí. "O kú iṣẹ́."

Mo fẹ́ sáré lọ fa Màmá mi dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n dúró, kí gbogbo wa fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i.